Ibi Tí Ọ̀mùtí Ti Lè Rí Alábàárìn

Kókó ọ̀rọ̀ tòní rèé: ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, kó má dá a ṣe. Bí ẹni tó ru àpò gàrí ṣe ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀ ọ́ lọ̀rọ̀ náà rí.

Lọ́dún 1935, nílùú Akron, ní Amẹ́ríkà, ọ̀mùtí méjì jókòó sọ̀rọ̀. Bill Wilson jẹ́ oníṣòwò. Bob Smith jẹ́ dókítà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ yẹn ló bí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Ó ti dé Nàìjíríà náà.

Kí ni wọ́n ń ṣe nípàdé? Ẹnì kan á sọ orúkọ rẹ̀, láìdárúkọ bàbá. Á ní ọ̀mùtí lòun. Àwọn yòókù á kí i, wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bú u. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Kéèyàn ṣáà ti fẹ́ jáwọ́.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tó ti ń mutí gan-an, tó bá dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Ó lè la ẹ̀mí lọ. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, àti ní Yábàá, l'Ékòó, ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti lè béèrè ẹgbẹ́ tó sún mọ́lé.

Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ ọ̀mùtí ńkọ́? Àwọn náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, Al-Anon lorúkọ rẹ̀.

A tún un sọ o: kó má dá a ṣe. Dókítà lákọ̀ọ́kọ́, ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà.