OWÓ OKO LÁÌSÍ ÈLÉ: Ọ̀NÀ ÀTIRAN Ọ̀DỌ́ ÀGBẸ̀ KÌṢÍ LỌ́WỌ́

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí ń rọ òjò sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí irúgbìn fi ń hù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ilẹ̀ Kìṣí dára fún iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gúsí. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ọkọ́ sílẹ̀ lọ gun ọ̀kadà ní ìgboro. Ọ̀lẹ kọ́ ló lé wọn lọ, àìrówó bẹ̀rẹ̀ ni. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ní lọ́dún. Bí kò bá rí owó tírákítọ̀, irúgbìn àti ajílẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọdún náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà náà ni yóò lọ yá owó èlé, tàbí kí ó ta irè tí kò tíì gbó ní owó pọ́ọ́kú. Bí ìkórè bá dé, ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ ni yóò kó èrè lọ.

Islam kò fi àgbẹ̀ sílẹ̀ sínú ìdè yìí. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ènìyàn tí ń san owó èso sílẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú. Kò kọ̀ ọ́ fún wọn; ó ní kí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n àti ọjọ́ jẹ́ mímọ̀. Òwò yìí ni wọ́n ń pè ní salam.

Báyìí ni ó ṣe lè rí ní Kìṣí. Oníṣòwò tàbí jàmáà yóò san gbogbo owó àgbàdo fún ọ̀dọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Wọn yóò kọ irú àgbàdo, iye àpò, ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti ibi ìkó-ọjà sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí Súrátùl-Bàkárà, áyà 282, ti kọ́ni nípa gbèsè. Iṣu kò tóbi dọ́gba, nítorí náà ìwọ̀n ni kí wọ́n fi tà á. Wọn kò gbọdọ̀ so òwò náà mọ́ oko kan ṣoṣo, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí oko yẹn yóò so. Bí oko bá kùnà, ọ̀dọ́ lè ra àgbàdo mìíràn fi san án. Bí kò bá rí i, olówó yóò mú sùúrù tàbí gba owó rẹ̀ láìsí àlékún.

Ọ̀nà kejì ni àjọṣe. Lẹ́yìn ogun Khaybar, ní ọdún 628, Ànábì (S.A.W.) fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ láti máa dá a, kí wọ́n máa pín irè sí méjì. Nínú mudaraba bákan náà, olówó mú owó wá, ọ̀dọ́ mú iṣẹ́ wá, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ìpín èrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àdánù bá dé láìjẹ́ pé ọ̀dọ́ ṣe àìbìkítà, owó olówó ló lọ, làálàá ọ̀dọ́ náà sì lọ.

Jaiz Bank ti ń ṣiṣẹ́ láìsí èlé ní Nàìjíríà láti 2012, ṣùgbọ́n kò yẹ kí jàmáà dúró de báńkì. Sàká irè oko tí òjò ń bomi rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá, wà fún onígbèsè pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ tí gbèsè oko ti mú lẹ́rú lè wà lára wọn.

Àwọn àgbà ń bẹ̀rù pé ọ̀dọ́ yóò jẹ owó náà. Ìwé, ẹlẹ́rìí àti ìṣòtítọ́ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá ba àmáná jẹ́, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí Allah bùkún oko àwọn ọ̀dọ́ Kìṣí, kí Ó sì yọ wọ́n nínú ìdè èlé. Àmín.