Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì Ẹsẹ̀ Alùpùpù

Kò sí ẹni tí ó mọ ìlú Ṣakí tí kò mọ iṣẹ́ tí alùpùpù ń ṣe níbẹ̀. Alùpùpù ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko, òun náà ni ó sì ń gbé iṣu, àgbàdo àti èlùbọ́ wá sí ọjà. Òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí títì tí ó lọ sí Ìsẹ́yìn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí eré ti ń pọ̀ sí i, ọ̀nà tí kò dára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Nígbà mìíràn, ọ̀nà kò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni apá kan rẹ̀ wúwo ju apá kejì lọ.

Kò sí táyà tàbí ríìmù tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba pátápátá yíká. Ẹnu túúbù tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àlẹ̀mọ́ tí fọkanáísà bá lẹ̀ mọ́ túúbù náà ní tirẹ̀. Christiaan Huygens, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Holland, fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1673 pé bí eré ohun tí ń yí bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń fà síta yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí gíráàmù 20 péré bá lé ní apá kan ríìmù alùpùpù tí ó wọ́pọ̀, ní eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, yóò máa fà bí ẹrù tí ó tó kílógíráàmù 2.5, ní nǹkan bí ìgbà 12 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹni tí yóò ṣe é nílé yóò kọ́kọ́ yẹ bíárìn wò bóyá ó ti jẹ, ríìmù bóyá ó ti wọ́, àti táyà bóyá ó ti sán, nítorí kò sí ìwọ̀n tí ó lè wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn. Lẹ́yìn náà, yóò yọ ẹsẹ̀ náà, yóò ki irin tí ó tọ́ bọ àárín rẹ̀, yóò sì gbé orí irin náà méjèèjì lé àpótí méjì tí ó ga dọ́gba. Ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, búréèkì kò sì gbọdọ̀ kàn án. Bí ó bá rọra yí i tí ó sì fi í sílẹ̀, apá tí ó wúwo ni yóò wá sí ìsàlẹ̀. Bí apá kan náà bá wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rí ti dájú. Yóò fi ẹfun sàmì sí òkè gan-an, yóò sì máa wé wáyà òjé díẹ̀díẹ̀ mọ́ sípóòkù ibẹ̀, títí ẹsẹ̀ náà yóò fi dúró síbikíbi tí a bá dá a dúró sí. Táyà alùpùpù kò fẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi tó fún un.

Ṣùgbọ́n òjé, tí Yorùbá ti ń fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn olùsìn Ọbàtálá láti ọjọ́ pípẹ́, ní májèlé nínú. Ní ọdún 2010, òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa àwọn ọmọdé tí iye wọn lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Wáyà bàbà lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí bàbà gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì gbé òjé kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì lè fi ẹsẹ̀ alùpùpù kan àti àpótí méjì kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ìwé wọn ń sọ nípa ìwọ̀n àti agbára. Ọmọ tí àbíyamọ pọ̀n sẹ́yìn lórí alùpùpù láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ kò mọ ohun tí ń jẹ́ gíráàmù 20. Ẹni tí ó ń gbé wọn lọ ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.