Ẹ Má Jẹ́ Kí Ikán àti Omi Jẹ Owó Oṣù Yín

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka Ifákọ̀)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù nínú ilé. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyàwó ilé nìyẹn. Ó dáa, owó ta ni a fi rà á?

Èmi yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ra kọ́bọ́ọ̀dù kan. Oṣù méjìdínlógún ni wọn yóò fi máa yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Nígbà tó ku oṣù márùn-ún, mo sún un kúrò lára ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi san owó ohun tí kò sí mọ́.

Iwájú nìkan ni mo wò nígbà tí mo ń rà á. Arère ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Arère fúyẹ́, kò wọ́n, káfíńtà fẹ́ràn rẹ̀, ikán àti kòkòrò ajẹgi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọkàn igi ìrókò le fún wọn. Nítorí náà, ẹ máa béèrè igi tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn àti abẹ́. Ẹ fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ẹrù àti ògiri, kí ẹ sì máa tan iná wo ibẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹ bá rí ipa ẹrẹ̀ tín-ín-rín tó ń gun ògiri, ikán ti dé. Bí ó bá jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun bí èlùbọ́ nílẹ̀, kòkòrò ajẹgi ni.

Ní ti nínù, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbọn eruku. Bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ti aṣọ bọ omi ọṣẹ díẹ̀, ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má da omi lé e bí ẹni ń fọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé bẹntiróòlù wálé láti fi nu àga. Yóò bó fánníìṣì rẹ̀, èyí kò tilẹ̀ tó nǹkan. Èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí a máa rìn nílẹ̀ lọ bá sítóòfù, ilé a sì gbiná.

Dúrọ́ọ̀ tí kò ṣí nígbà òjò kì í ṣe iṣẹ́ ayé o. Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń wú. Ẹ má fi ìfági fá a nígbà náà, nítorí bí ọyẹ́ bá dé, yóò sún kì, yóò sì máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ tàbí àbẹ́là pa etí rẹ̀.

Àgbàrá ńkọ́? Àwa ará ìhà Kétu àti Máìlì 12 kò ní gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Odò Ògùn kún, tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán, tí omi sì wọlé àwọn ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀. Kí òjò tó le, ẹ ti búlọ́ọ̀kù sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí omi bá ti wọlé ná, ẹ fi omi mímọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò, ẹ yọ dúrọ́ọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà lábẹ́ òjìji. Oòrùn gangan yóò ká a kò, yóò sì là á. Ẹ má kun fánníìṣì títí yóò fi gbẹ dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti omi mọ́ inú rẹ̀ nìyẹn. Pílawúùdù tí góòmù rẹ̀ ti tú, ẹ má náwó lé e lórí mọ́.

Mo mú ẹsẹ̀ kan lára kọ́bọ́ọ̀dù mi wá. Ó wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹ yà wò ó kí ẹ tó máa lọ.