Ẹ Má Ka Nọ́ńbà Àṣírí Yín Fún Ẹnikẹ́ni

Láti ìgbà tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti gbé BVN dé ní 2014, àwọn gbájúẹ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ pe èèyàn: “Màmá, láti báńkì ni o. BVN yín ní wàhálà, a ti fẹ́ ti káàdì ATM yín pa. Ẹ ka nọ́ńbà iwájú rẹ̀.” Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù. Kọ́kọ́rọ́ àpótí owó yín nìyẹn! Báńkì kì í béèrè rẹ̀. Ẹ pa fóònù, kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ bi wọ́n. Ẹni tó bá ti kà á, kó má tijú. Kó sáré lọ kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.