Ìrìn Ọjọ́ Méjì Nínú Igbó Omo

Àwọn baba wa ní, ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ìrìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ìrìn ọjà, kì í ṣe ìrìn oko. Ìrìn tí ẹgbẹ́ kan ń rìn wọ igbó ìjọba lọ́jọ́ Sátidé ni, tí oníkálùkù gbé oúnjẹ, omi àti aṣọ ìbora rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n sun inú igbó mọ́jú, tí wọ́n sì padà wálé lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí a fi Igbó Omo ṣe àpẹẹrẹ. Apá Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni igbó náà wà, ó sì fẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1946 ni wọ́n ya bí i hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣọdẹ níbẹ̀. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ àwọn ibi tí ó yẹ kí gbogbo ayé bá wa tọ́jú. Erin ṣì ń gbé ibẹ̀. Erin inú igbó kò tóbi tó erin ọ̀dàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀: èso tó bá jẹ níhìn-ín, ọ̀nà jíjìn ni yóò ti yàgbẹ́ kóró rẹ̀, igi tuntun yóò sì hù níbẹ̀. Àwọn agégi àti àwọn tó ń dá oko kòkó ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọnù.

Igbó ìjọba kì í ṣe ibi tí a kàn ń yà wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹ sì mú ẹ̀ṣọ́ tó mọ igbó dání. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ibi tí ẹ ń lọ àti wákàtí tí ẹ ó padà dé, kí wọ́n lè tètè wá yín bí wọn kò bá rí yín.

Ẹrù ńkọ́? Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 60, kí ẹrù rẹ̀ má ju 12 lọ. Ẹ rántí pé lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni, ẹnì kan sì lè mu tó lítà mẹ́ta lójúmọ́ nínú ooru. Nítorí náà, ẹ fi ohun tí kò wúlò sílé, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi sílé. Bí ẹ bá bu omi odò, ẹ sè é kí ó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún.

Ní ọdún 1892, ará Scotland kan tó máa ń gun òkè, William Naismith, fi ìṣirò kan lélẹ̀: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Nínú igbó tí ìtàkùn ń kọ́ni lẹ́sẹ̀, ẹ kò ní yá tó bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn sì máa ń tètè ṣú lábẹ́ igi ńlá. Kí aago mẹ́rin tó lù, kí ẹ ti wá ibi tí ẹ ó sùn.

Wàyí o, èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá yóò lọ síwájú, wọn yóò jókòó sinmi. Bí ẹni tó ń fà bọ̀ lẹ́yìn bá ti dé, wọn yóò dìde, ìrìn tún di ìrìn. Ẹni tó rẹ̀ jù lọ kò wá sinmi rárá! Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni í ṣi ọ̀nà, òun ni í ṣubú. Nítorí náà, kí ẹni tí kò yára wà níwájú lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́, kí alágbára kan máa bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, kí a sì máa ka ara wa ní gbogbo ìkóríta.

Ẹni tó bá sọnù, kí ó dúró sójú kan, kí ó máa fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ejò bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Ẹ má jẹ́ kí ó lo ẹsẹ̀ náà, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ẹ bá rí erin, ẹ rọra fà sẹ́yìn, ẹ má sún mọ́ ọn.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ pa iná kú pátápátá, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín dání. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn bá délé ni ẹgbẹ́ tó dé. Ó dàbọ̀ o.