Yìnyín Lẹ Rà: Ọ̀rọ̀ Lórí Fífi Green Peas Inú Yìnyín Se Oúnjẹ
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn alásè ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́)



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí green peas inú yìnyín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá yá owó ẹgbẹ́ láti se fried rice fún ọ̀ọ́dúnrún èrò, tí ìrẹsì yẹn bá kan kí wọ́n tó bù ú, owó ti lọ, oníbàárà ti lọ, gbèsè nìkan ló kù. Bí èèyàn bá sì jẹ ẹ́ tí inú rẹ̀ ń run, ọ̀rọ̀ ti di ńlá nìyẹn. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Green peas fẹ́ràn ibi tó tutù. Ooru Mowe, Ìbafò àti Ifọ̀ kò bá a lára mu. Orí òkè Jos ni wọ́n ti ń gbìn ín nílẹ̀ wa. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ká a ni adùn inú rẹ̀ ti ń dínkù, tó ń le díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó ti Jos dé Mile 12, kí ó tó jáde ní Berger, kí ó tó bọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, tútù rẹ̀ ti dínkù. Òun náà kì í sì í sí lọ́jà nígbà gbogbo.

Ti inú yìnyín kì í ṣe àlòkù. Bí wọ́n bá ti ká a, wọ́n á bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tutù ú, wọ́n á sì mú kó dì kíákíá. Clarence Birdseye, ará Amẹ́ríkà, ló sọ iṣẹ́ yìí di òwò. Ó rí i ní Labrador, nílẹ̀ Kánádà, pé ẹja tó bá tètè dì kì í pàdánù adùn rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1930, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ rẹ̀ ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, green peas sì wà nínú wọn. Nítorí náà, yìnyín gan-an lẹ fi owó rà. Bí yìnyín bá lọ, ọjà lọ.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó dára? Ẹ gbọn náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí ó bá ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ rà á. Bí ó bá ti di òkìtì kan gbàgìdì, tí yìnyín bò ó, ó ti yọ́ rí, wọ́n tún dì í ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Òun ni kí ẹ rà kẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sọ́jà, kí ẹ sì gbé kúlà dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, iná ni ìjà wa. Fíríísà tó bá kún, tí a kò ṣí, lè gbé yìnyín dúró fún nǹkan bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí wọ́n bá mú iná lọ. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju wákàtí 24 lọ. Tiyín kò kún? Ẹ fi pure water dí àyè rẹ̀. Ẹ tún bu omi sínú ife, kí ó dì, kí ẹ wá gbé kọ́bọ̀ àtijọ́ kan lé e lórí. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé, tí ẹ bá kọ́bọ̀ nísàlẹ̀ ife, iná ti lọ pẹ́, ọjà inú rẹ̀ ti yọ́. Bí yìnyín bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ lè dá a padà. Bí ó bá ti yọ́ pátápátá, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má tà á.

Ó kan sísè. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ kó yọ́. Ó ti fojú kan iná tẹ́lẹ̀. Bí omi oníyọ̀ bá ti ń hó, ẹ dà á sí i bó ṣe dì, ẹ má dé e, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da omi tútù lé e, ẹ jẹ́ kí ó ro dáadáa, nítorí omi ló ń ba fried rice jẹ́. Ẹ dín kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀dọ̀ lọ́tọ̀, kí green peas wọlé kẹ́yìn. Bí òde bá jìnnà, ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ìrẹsì láti ilé. Ìrẹsì gbígbóná nínú kúlà rẹ̀, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pò ó. Oúnjẹ tí kò gbóná mọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Nínú oòrùn wa yìí, wákàtí kan ti tó.

Ẹ má fi káún sí i. Lóòótọ́, àwọ̀ rẹ̀ á dán, ṣùgbọ́n á rọ̀ bẹ̀tẹ̀, fítámì inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Gbígbẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, kí ẹ má sì pè é ní tútù fún oníbàárà. Ti inú agolo ti jinná tán, ẹ ṣàn án nìkan.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta, mẹ́rin máa pawọ́ pọ̀ ra páálí kan, kí wọ́n pín in lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó bá máa sun fíríísà yóò kéré, àdánù náà yóò sì dínkù. Ohun tí a sọ pé a fẹ́ ṣe nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹgbẹ́ wa kò ní túká, ọjà wa kò ní kú.