Aṣọ Tó Bo Ilẹ̀ Dídì

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo bá wá, ilẹ̀ túńdrà ti àríwá Alaska. Ilẹ̀ tó bá dì gbagidi fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìyọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní permafrost. Nítòsí Prudhoe Bay, ní àríwá Alaska náà, dídì yìí jìn ju mítà 600 lọ.

Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ yìí lóṣù Keje, mọ́ọ̀sì ni ọkọ́ yín yóò kọ́kọ́ bà, ewéko kúkúrú, rírọ̀, tó ti mu omi yó. Abẹ́ rẹ̀ ni ewé àti gbòǹgbò àtijọ́ tí kò tíì jẹrà tán wà, dúdú, tó sì kún fún omi. Lẹ́yìn náà ni amọ̀ aláwọ̀ eérú, tó ti lọ́ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dúdú yẹn, nítorí dídì àti yíyọ́ a máa pò wọ́n pọ̀ lọ́dọọdún. Níbi púpọ̀, ihò yín lè má tíì jìn dé orúnkún tí ọkọ́ yóò fi dún gbàn-ùn: ẹ ti kan yìnyín. Omi kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ náà fi di àbàtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ibẹ̀ kò tó nǹkan.

Ta ló lè gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Igi wílò ibẹ̀ ń rá mọ́lẹ̀ ni. Koríko olówùú, tó ń hù ní ṣùṣù, mọ ọgbọ́n tí mi ò lè ṣe kí n má yìn: gbòǹgbò rẹ̀ ń kú lọ́dọọdún, tuntun a sì máa tẹ̀ lé yíyọ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan yìnyín.

Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀sì gan-an ni mo fẹ́ kí a fojú sí. Òun ni aṣọ tí ilẹ̀ yẹn wọ̀. Bó bá gbẹ nígbà ooru, kì í jẹ́ kí ooru wọlẹ̀. Ní 2007, mànàmáná sán nítòsí odò Anaktuvuk ní àríwá Alaska, iná sì ràn. Ó jó ilẹ̀ tó tó 1,000 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì tú kábọ́ọ̀nù bíi mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí iná ti jó aṣọ yẹn, yìnyín abẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ilẹ̀ sì ń rì níbi púpọ̀.

Ẹ má ṣe pè é ní ilẹ̀ òfìfo. Ilẹ̀ dídì ìhà àríwá ayé di kábọ́ọ̀nù bíi bílíọ̀nù 1,500 tọ́ọ̀nù mọ́ra, ó tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ náà bá yọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé àti gbòǹgbò àtijọ́ inú rẹ̀, gáàsì tí wọ́n bá tú jáde yóò tún mú ayé gbóná sí i.

Àwọn àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ní nǹkan bí 1950, tí wọ́n fi wé tòde òní, fi hàn pé igi kéékèèké ń pọ̀ sí i lórí túńdrà náà. Igi wọ̀nyí ń ṣíji bo ilẹ̀ nígbà ooru, èyí dára. Nígbà òtútù ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń dá ìrì dídì dúró, ìrì dídì tó nípọn kì í sì í jẹ́ kí òtútù wọlẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ kì í tutù tó kí ooru tó tún dé.